Ìpẹtà Ara Mọ́tò àti Àwọn Tí Ń Wò Ó Sàn ní Abẹ́òkúta



Ẹni tí ó bá ti gun orí Olúmọ rí, tí ó sì wo ìlú Abẹ́òkúta láti òkè, yóò rántí àwọ̀ tí ó kọ́kọ́ bọ́ sí i lójú. Àwọ̀ òrùlé páànù àtijọ́ ni, àwọ̀ kan tí ó jọ ti obì gbígbẹ, tí ó tẹ́ lọ láti ìsàlẹ̀ àpáta títí dé apá Aké àti Ìtòkú. Ìpẹtà ni ó kùn wọ́n bẹ́ẹ̀. Àwọn àlejò a máa ya àwòrán rẹ̀, wọn a sì ní ó dára lójú. Onílé tí òjò ń jò lé lórí mọ̀ pé ọ̀ràn náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ìpẹtà yìí kan náà ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ṣùgbọ́n ti ara mọ́tò ni a óò sọ: bí ó ṣe dé bá wa ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, àwọn tí ó kọ́ láti bá a jà, àti ohun tí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún mọ́tò àtijọ́ ṣe ní láti mọ̀ kí ó tó gbé òòlù.

Orúkọ rẹ̀ kò jẹ́ ẹyọ kan. Ẹlòmíràn a ní irin dógùn-ún, ẹlòmíràn a ní ó dípẹtà. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, tí a tẹ odindi rẹ̀ jáde ní 1884, ìpáàrà ni wọ́n pè é. Ohun kan náà ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ wo yangí tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà oko, bí ó ṣe pupa. Irin tí ó wà nínú rẹ̀, tí ó ti gba afẹ́fẹ́ mọ́ra láti ìgbà láéláé, ni ó sọ ọ́ di pupa. Inú òkúta tí irin wà nínú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba ńlá wa tí ń yọ irin ti ń fi iná èédú fà á jáde. Iná ni ó lé afẹ́fẹ́ kúrò lára irin. Ṣùgbọ́n irin kò gbàgbé ilé. Bí omi bá ti kàn án, tí afẹ́fẹ́ sì wà níbẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í padà di ohun tí ó ti jẹ́ tẹ́lẹ̀. Bí iyọ̀ bá wà nínú omi náà, ìpadàbọ̀ yìí a yá kánkán. Bàbà pẹ̀lú a máa pa àwọ̀ dà, ṣùgbọ́n ohun tí ó bo bàbà a lẹ̀ mọ́ ọn bí aṣọ, a sì dáàbò bò ó. Ti irin kò rí bẹ́ẹ̀. Ńṣe ni ó ń hó bí èèpo igi, omi a sì tún rí ọ̀nà wọlé sí irin tí ó wà nísàlẹ̀.

Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sí abẹ́ Olúmọ ní 1830, tí Ṣódẹkẹ́ jẹ́ aṣáájú wọn, alágbẹ̀dẹ wà láàrin wọn, nítorí kò sí ìlú tí ó lè ro oko tàbí jagun láìsí alágbẹ̀dẹ. Ògún ni wọ́n ń bọ. Ẹ má ṣe ṣì í mú o, ẹ̀yin ọmọ: Ògún tí ó ni irin yàtọ̀ sí odò Ògùn tí ó ṣàn gba Láfẹ́nwá kọjá, tí a sì fi sọ ìpínlẹ̀ wa lórúkọ nígbà tí a dá a sílẹ̀ ní 1976. Ohùn orí ọ̀rọ̀ méjèèjì kò dọ́gba, mo sì ti rí i tí ọ̀pọ̀ ọmọ kọ ọ́ ní ìkọkúkọ nínú ìwé ìdánwò.

Ní ayé àwọn alágbẹ̀dẹ wọnnì, ìpẹtà kì í ṣe ọ̀tá ńlá. Ọkọ́ tí a ń fi ro oko lójoojúmọ́, ilẹ̀ ni ó ń fọ̀ ọ́ tí ó fi ń dán. Àdá tí a kò lò, a fi epo pa á, a sì fi í há àjà. Irin wọn nípọn pẹ̀lú. Kí ìpẹtà tó jẹ ọkọ́ kan tán, oko yóò ti jẹ ẹ́ tán.

Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó ti òkè òkun wá ni ó mú ìyọnu dé. Abẹ́òkúta tètè rí ẹ̀rọ òyìnbó ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ; ní 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròhìn jáde níbẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sì jẹ́ ohun tí ó ń fẹ́ òróró àti ìnùlẹ̀ nígbà gbogbo. Lẹ́yìn náà ni páànù òrùlé dé. Irin ni páànù, ṣùgbọ́n a ti rì í sínú síńkì yíyọ́. Ará Faransé kan, Stanislas Sorel, ni ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n yìí ní 1837. Síńkì a máa jẹ́ kí ìpẹtà kọ́kọ́ jẹ òun kí ó tó kan irin, bí ajá ọdẹ tí ó ṣíwájú olówó rẹ̀ lọ pàdé ẹkùn. Nígbà tí síńkì bá tán pátápátá, páànù a di pupa. Ohun tí à ń wò láti orí Olúmọ nìyẹn: síńkì tí ó ti tán. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú mọ́tò àtijọ́ tí ó dé ọ̀dọ̀ wa kò ní síńkì yìí lára rárá. Ọ̀dà nìkan ni aṣọ wọn, bí ọ̀dà bá sì fi ara ya níbì kan ṣoṣo, ìhòòhò ni wọ́n wà.

Ọkọ̀ ojú irin ṣáájú mọ́tò dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà rẹ̀ láti Èkó; ó gba Abẹ́òkúta kọjá, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe ní Èbúté-Mẹ́ta di ilé-ẹ̀kọ́ fún ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ó fẹ́ mọ iṣẹ́ irin ti òde òní: bí a ṣe ń lu páànù, bí a ṣe ń fi ìṣó orí-pẹrẹsẹ dè é, bí a ṣe ń jó irin méjì pọ̀. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gbà ní 1906, ni àwọn òpìtàn máa ń pè ní ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ wa.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà yóò rántí bọ́lẹ́kájà. Iwájú ọkọ̀ náà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ àti ṣásì rẹ̀ nìkan ni ó ń ti ìlú òyìnbó wá. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa ni ó ń fi pákó kan gbogbo ara rẹ̀, wọn a sì kọ ọ̀rọ̀ tàbí òwe sí i níwájú àti lẹ́yìn. Bí pákó kan bá jẹrà, gbẹ́nàgbẹ́nà a yọ ọ́, a sì kan òmíràn sí ipò rẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni tí ó jẹ́ rẹ́ amọ̀ bo pákó jíjẹrà kí ó sì fi ọ̀dà kùn ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò padà sí i.

Ọkọ̀ kékeré yàtọ̀. Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí Olùṣọ́-àgùntàn I. O. Ransome-Kuti jẹ́ ọ̀gá àgbà ní Abẹ́òkúta Grammar School, òun àti ìyàwó rẹ̀, Olóyè Fúnmiláyọ̀, ra mọ́tò àlòkù kan. Ìyá náà kọ́ bí a ṣe ń wà á, ìtàn sì sọ pé òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó wa mọ́tò ní Abẹ́òkúta. Gbogbo ènìyàn ni ó máa ń sọ ti obìnrin tí ó wa mọ́tò, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Èmi fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ kejì pẹ̀lú: àlòkù. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ọ̀pọ̀ mọ́tò ilẹ̀ wa ti ń jẹ́ ohun tí ẹlòmíràn ti lò kí ó tó kàn wá. Ẹni tí ó ra irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ra ọjọ́ orí mọ́ ọn. Nígbà ogun àgbáyé kejì, láti 1939 dé 1945, tí ọkọ̀ tuntun àti ohun ìpààrọ̀ ṣọ̀wọ́n, títún èyí tí ó wà nílẹ̀ ṣe kúrò ní ọ̀ràn ìfẹ́ inú ẹni, ó di dandan.

Lẹ́yìn ogun náà ni ohun kan yí padà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fura sí, òun gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Ẹ jẹ́ kí n fi ilé ṣe àpẹẹrẹ. Oríṣi ilé kan wà tí òpó ni ó gbé òrùlé rẹ̀ dúró. Bí ẹ bá wó ògiri ibẹ̀, òrùlé kò ní subú. Oríṣi kejì ni ilé alámọ̀ tí ògiri fúnra rẹ̀ gbé òrùlé. Bí ògiri ibẹ̀ bá jẹrà nísàlẹ̀, kí onílé tètè jáde. Bọ́lẹ́kájà dà bí ilé ọlọ́pòó. Ṣásì rẹ̀ ni òpó, ara rẹ̀ kò ju ògiri lásán lọ. Ṣùgbọ́n Morris Minor tí wọ́n ń ṣe ní England láti 1948 dé 1971, Peugeot 404 tí ó dé ní 1960, àti 504 tí ó tẹ̀lé e ní 1968, ilé alámọ̀ ni wọ́n. A kò gbé ara wọn ka orí ṣásì. Páànù tí a tẹ̀ tí a sì jó pọ̀ ni ó di ara, òun náà ni ó di egungun. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni bọ́ọ̀sì Volkswagen tí a sọ di dáńfó. Volkswagen kékeré tí a ń pè ní ìjàpá wà láàrin méjèèjì. Nítorí náà, bí ìpẹtà bá jẹ ìsàlẹ̀ ẹnu-ọ̀nà 504, ohun tí ó jẹ ju ẹwà lọ. Ó dà bí ikán tí ó wọ inú òpó: òde ń dán, inú ti di ihò.

Mọ́tò wọ̀nyí pọ̀ sí i lójijì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975, owó Udoji dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, olùkọ́ àti akọ̀wé tí kò ní ju kẹ̀kẹ́ lọ tẹ́lẹ̀ di ọlọ́kọ̀. Ní ọdún kan náà ni ilé-iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná àti ti Volkswagen ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò. Ọdún mẹ́wàá kò tíì pé dáadáa lẹ́yìn ìyẹn tí owó fi wọ́n. Nígbà tí ìjọba gbé ètò àtúntò ọrọ̀-ajé tí a ń pè ní SAP kalẹ̀ ní 1986, tí náírà sì já wálẹ̀, mọ́tò tuntun kúrò ní ohun tí olùkọ́ lè fi ojú sí. Ẹni tí ó ní ti àtijọ́ dì í mú. Ẹni tí kò ní wá tòkunbọ̀ rà.

Tòkunbọ̀! Orúkọ tí à ń sọ ọmọ tí a bí sí ìlú òkèèrè ni a fún mọ́tò tí wọ́n ti lò ní òkè òkun. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti Bẹ́ljíọ̀mù àti Jámánì wá, wọ́n gba èbúté Kútọnu, wọ́n sì gba Ìdìrókò wọlé, títí ìjọba fi fi òfin de gbígbé mọ́tò gba ẹnu ibodè orí ilẹ̀ wọlé láti oṣù kìíní 2017. Àwọn tí ń rà wọ́n a máa wo ẹ́ńjìnnì, wọn a wo táyà, wọn a sì wo bí ìjókòó ṣe mọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ní ìlú tí yìnyín ti ń bo títì, wọ́n a máa da iyọ̀ sí ojú ọ̀nà kí yìnyín lè yọ́. Omi iyọ̀ yìí a ta sí abẹ́ mọ́tò, a sì wọ gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀. Mọ́tò tí ó ti rìn ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá ti gbé ìpẹtà rẹ̀ dání kí ó tó rí òjò Abẹ́òkúta. Òjò wa kàn wá bá a parí rẹ̀ ni.

Ta ni ó dojú kọ iṣẹ́ yìí? Páńẹ́lì-bítà ni. Èmi ìbá fẹ́ kí a máa pè é ní alágbẹ̀dẹ mọ́tò, nítorí bí a bá fi irinṣẹ́ wé irinṣẹ́, ọmọ ilé kan náà ni wọ́n. Alágbẹ̀dẹ ní ọmọ-owú àti òòlù. Páńẹ́lì-bítà ní hámà ní ọwọ́ kan àti irin wíwúwo tí wọ́n ń pè ní dólì ní ọwọ́ kejì, èyí tí ó ń tì mọ́ ẹ̀yìn páànù nígbà tí ó bá ń lù ú níwájú. Alágbẹ̀dẹ ní ẹwìrì tí ń fẹ́ iná. Páńẹ́lì-bítà ní iná gáàsì. Àwọn ará Faransé ni ó ṣe irú fìtílà ìjórin yìí ní 1903. Àwọn oníṣẹ́ wa a máa da omi sórí kábáídì nínú agbá kí gáàsì lè jáde, ó sì jẹ́ ohun tí ó léwu gidigidi bí agbá náà bá ti gbó tàbí bí iná bá súnmọ́ ọn. Ẹ̀kọ́ṣẹ́ wọn pẹ̀lú kò yàtọ̀ sí ti ìgbà àtijọ́. Ọmọ yóò kọ́kọ́ máa fi sáńpépà ha ara ọkọ̀, oṣù lórí oṣù, títí ìka rẹ̀ yóò fi mọ ibi tí ó tẹ́ àti ibi tí kò tẹ́ kí ojú tó rí i. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni yóò gba òmìnira, tí àwọn òbí rẹ̀ yóò sì gbé ohun mímu wá.

Ìwé ìtàn wa kún fún orúkọ ọba, ti balógun àti ti olówó ọlọ́kọ̀. Ẹ kò lè rí ti àwọn wọ̀nyí níbẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n ṣe ohun tí ó yani lẹ́nu. Àwọn oníṣẹ́ irin ní Èkó mú ọkọ̀ Mercedes 911 tí a ṣe fún ẹrù, wọ́n fi páànù kọ́ ilé sí i lórí, wọ́n sì sọ ọ́ di mọ́lúè tí ó gbé ìlú Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tí ó lè kọ́ odindi bọ́ọ̀sì kò lè ṣàì mọ bí a ti ń pààrọ̀ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n ohun kan dé tí ó ba iṣẹ́ náà jẹ́ díẹ̀, èyíinì ni pọ́tì. Láyé àtijọ́, ibi tí ó bá kù díẹ̀ kí ó tẹ́ lára mọ́tò, òjé yíyọ́ ni wọ́n fi ń dí i, ìyẹn sì ń fẹ́ ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́. Ní àwọn ọdún 1950 ni wọ́n ṣe pọ́tì tí a ń pò pọ̀ mọ́ oògùn rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, èyí tí ó ń le bí òkúta láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Ohun rere ni, bí a bá lò ó fún ohun tí a ṣe é fún, èyíinì ni láti mú ojú páànù tí ó ti sàn tẹ́ pẹrẹsẹ. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi dí ihò. Wọn a ki ìwé tàbí àkísà sínú ihò ìpẹtà, wọn a rẹ́ pọ́tì bò ó, wọn a fi sáńpépà ha á, wọn a sì fi ọ̀dà kùn ún. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e jáde, yóò dán bí ojú ẹyẹlé. Pọ́tì a máa fa omi díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀yìn, ìpẹtà a sì máa jẹun lọ lábẹ́ rẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò rí i. Gbẹ́nàgbẹ́nà bọ́lẹ́kájà kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ sí pákó. Èmi kò dá gbogbo ẹ̀bi lé oníṣẹ́ lórí, nítorí ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé ọlọ́kọ̀ ni ó ní kí ó bá òun ṣe é ní owó pọ́ọ́kú kí òun lè tà á.

Nínú bọ́lẹ́kájà, irú ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀ ì bá pa owó ẹnì kan. Nínú ọkọ̀ tí ara rẹ̀ jẹ́ egungun rẹ̀, ènìyàn ni ó lè pa. Bí ọkọ̀ náà bá forí sọ nǹkan, ìsàlẹ̀ tí ó ti jẹrà yóò ká bí páálí tí ó rin omi, àwọn tí ó jókòó sínú rẹ̀ yóò sì há. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní 1988, ọmọ Abẹ́òkúta ni ó kọ́kọ́ jẹ́ alága rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé ní Aké. Eré àsápajúdé ni gbogbo ènìyàn rántí pé àjọ náà bá jà. Ọkọ̀ tí ó ti gbó tayọ àtúnṣe wà lára ogun náà pẹ̀lú.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a bá ẹni tí ó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é sọ̀rọ̀. Irú wọn ń pọ̀ sí i, pàápàá àwọn ọ̀dọ́ tí ó jogún mọ́tò bàbá wọn. Kí ó má bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó gbé egungun ọkọ̀. Mọ́dígáàdì, ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn tàbí ìdérí búùtù ni kí ó fi kọ́ ọwọ́, nítorí bí ó bá bà á jẹ́, ó lè yọ ọ́ kí ó sì pààrọ̀ rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ẹnu-ọ̀nà, ilẹ̀ ọkọ̀ àti ibi tí àwọn sípíríǹgì ti rọ̀ mọ́ ara, ọ̀gá oníṣẹ́ ni kí ó gbé wọn fún.

Kí ó kọ́kọ́ fọ ọkọ̀ náà, lábẹ́ àti lókè, nítorí ẹrẹ̀ tí ó ti dì sínú mọ́dígáàdì ni ó ń pa omi mọ́ bí kànrìnkàn. Kí ó ká kápẹ́ẹ̀tì sókè. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan ní ihò tóótòòtó tí omi òjò ń gbà jáde. Bí ìdọ̀tí bá dí wọn, ilẹ̀kùn á di ìkòkò omi, yóò sì jẹrà láti inú wá síta. Ìdí nìyí tí ọ̀dà fi máa ń wú sókè bí eéwo. Ìpẹtà a máa gba àyè ju irin tí ó jẹ lọ, òun ni ó ń ti ọ̀dà síta. Nígbà tí eéwo bá fi hàn lóde, iṣẹ́ ti pẹ́ nínú. Kí ó fi èèkù hámà kàn án díẹ̀díẹ̀, kí ó sì fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó gún un. Irin tí ó yè a dún gan-an. Èyí tí ó ti kú a dún bí páálí, irin náà a sì wọ inú rẹ̀. Ẹ̀rù a máa ba ọ̀pọ̀ ènìyàn láti gún mọ́tò wọn, bí ẹni pé àwọn ni ó dá ihò náà sí i.

Bí ihò kò bá tíì sí, iṣẹ́ náà rọrùn. Kí ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin àti sáńpépà ha ibẹ̀ títí irin yóò fi funfun, kí ó sì há a kọjá etí ibi tí ìpẹtà dé, títí dé ibi tí ọ̀dà àti irin ti di ara wọn mú ṣinṣin. Àwọ̀ pupa díẹ̀ tí ó bá kù nínú ihò kékeré bí ojú abẹ́rẹ́ ni yóò tún bí òmíràn. Kí ó nu ún gbẹ, kí ó sì kun ọ̀dà àkọ́kùn lọ́jọ́ náà gan-an. Irin tí a há funfun tí a sì fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì ní ìgbà òjò, yóò ti pọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́.

Bí ihò bá wà, gígé ni oògùn rẹ̀. Kí ó gé gbogbo èyí tí ó ti fẹ́lẹ́ kúrò títí yóò fi kan irin tí ó nípọn. Ihò tí ó tó owó ẹyọ kan lójú lè di ihò tí ó tó àtẹ́lẹwọ́. Kí ó má bẹ̀rù. Kí ó gbé páálí lé e, kí ó fi ṣe ìwọ̀n, kí ó sì gé páànù gẹ́gẹ́ bí páálí náà, kí ó fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 1 kọjá etí ihò náà yí ká. Páànù dúdú tí kò nípọn ju mílímítà 1 lọ ni ó yẹ. Kí ó má lo àfọ́kù páànù òrùlé, nítorí bí iná bá kan síńkì ara rẹ̀, èéfín funfun tí ń jáde a máa fún ẹni tí ó fà á símú ní ibà. Kí ó tẹ páànù náà pẹ̀lú hámà àti dólì títí yóò fi jókòó láìsí pé ó fi agbára tì í.

Jíjó rẹ̀ pọ̀ ni ibi tí iná wà, níbẹ̀ ni kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ti pe ajórin tí ó mọ iṣẹ́, kí ó dúró tì í kí ó sì máa wò. Kí wọ́n tú bátìrì kúrò. Kí wọ́n yọ táǹkì epo jìnnà, bí kò tilẹ̀ sí epo nínú rẹ̀, nítorí oru bẹntiróòlù tí ó kù nínú táǹkì òfìfo a máa bú gbàù ju táǹkì tí ó kún lọ. Kí wọ́n yọ fóòmù àti kápẹ́ẹ̀tì, kí omi sì wà nítòsí. Ajórin tí ó mọ iṣẹ́ kì í jó etí kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lẹ́ẹ̀kan náà. A jó ojú kan níhìn-ín, a fò lọ sí òdìkejì, a dúró kí ó tutù, nítorí páànù fẹ́lẹ́ tí iná pọ̀ lára rẹ̀ a máa ká bí ewé gbígbẹ.

Lẹ́yìn náà ni a óò lọ ojú ìjó náà tẹ́, a óò kun ọ̀dà àkọ́kùn sí i lójú àti lẹ́yìn. Ìgbà náà ni pọ́tì tó wọlé, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ó má nípọn ju mílímítà 3 lọ, láti tẹ́ ojú rẹ̀ pẹrẹsẹ. Sáńpépà, ọ̀dà àkọ́kùn lẹ́ẹ̀kan sí i, kí a tó wá kun àwọ̀ ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ń dúró níbẹ̀, nítorí ojú ti rí ohun tí ó fẹ́ rí. Ó ku inú. Kí ó gba àwọn ihò ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn da òróró tàbí ìda tí a yọ́ wọ inú kọ̀rọ̀ tí búrọ́ọ̀ṣì kò lè dé, kí ó sì rí i pé kò fi dí ihò tí omi ń gbà jáde.

Ẹni tí kò fẹ́ ṣe gbogbo èyí, tí ó kàn fẹ́ ra mọ́tò tàbí gba tirẹ̀ padà lọ́wọ́ oníṣẹ́, kí ó mú òòfà kékeré kan dání, irú èyí tí ó wà ní ẹ̀yìn gbohùngbohùn rédíò tí ó ti bàjẹ́. Kí ó fi aṣọ rírọ̀ wé e kí ó má ba ọ̀dà jẹ́, kí ó sì máa gbé e kan ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, etí mọ́dígáàdì àti ìsàlẹ̀ ẹnu-ọ̀nà, díẹ̀díẹ̀, láti iwájú dé ẹ̀yìn. Níbi tí irin bá wà, òòfà yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Níbi tí ó bá ti jábọ́ sílẹ̀, pọ́tì ni ó wà níbẹ̀, kí ó sì béèrè ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀.